Ọ̀nà Nyanya sí Mararaba: ṣé ká fẹ̀ ẹ́ sí i ni, àbí ká tú ibi tó ti dì?

Ọmọ Ọ̀fà ní Masaka (7:15 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ èyí. Agogo 4:50 ni mo wọkọ̀ ní Masaka, Ìpínlẹ̀ Nasarawa, tí mò ń lọ sí Abuja, 7:15 rèé, a ò tíì kọjá abẹ́ bíríìjì Nyanya. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ti sùn, ó ti jí, ó ti kun àtíkè, ó ti tún sùn lé àtíkè ọ̀hún.

Àwọn bàbá méjì tó wà níwájú ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ní kí ìjọba sáà fẹ ọ̀nà yìí láti AYA, oríta ẹnu ìwọ̀lú Abuja, títí dé Masaka, kó di ọlọ́nà mẹ́wàá bíi ti Kubwa, gbogbo ìyà á tán. Èkejì ní ṣebí wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ló yí padà? Iṣẹ́ tí wọ́n fi owó tí báńkì Exim ilẹ̀ Ṣáínà yá wa ṣe ló ń sọ. Kìlómítà 5.4 péré ni wọ́n fẹ̀ lójú ọ̀nà Abuja sí Keffi, láti ọ̀nà mẹ́rin sí mẹ́fà. Ibi tí iṣẹ́ náà pọ̀ sí ni kìlómítà 221.8 láti Keffi, Akwanga, Lafia títí dé Makurdi, tí wọ́n sọ di alápá méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, kí lẹ rí sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ bú ìjọba kẹ́ ẹ kọjá lọ. Ohun tẹ́ ẹ fojú rí ni kẹ́ ẹ sọ.

Awakọ̀ AYA (7:31 àárọ̀)

Ẹ fẹ̀ ẹ́! Kí la tún ń bi ara wa léèrè? Ọdún 11 rèé tí mo ti ń fi bọ́ọ̀sì elérò 14 na ọ̀nà yìí. Tí mo bá jí ní agogo 3:30, mo lè na Mararaba sí AYA lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó yọ. Tí mo bá sùn gbàgbé dé agogo 5, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Epo tí mò ń jó lórí ìdúró pọ̀ ju èyí tí mo fi ń sáré lọ, epo ọ̀hún sì rèé, látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2023, àwa náà kúkú mọ ohun tójú wa ń rí.

Ẹ lọ wo ọ̀nà Kubwa. Èèyàn á tẹná láti Dutse, á dé ìdí òkè Maitama, kò ní tẹ bíréèkì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kí ni wọ́n jẹ tí àwa ò jẹ?

Bàbá Kugbo (7:58 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Káfíńtà ni mí, 1987 ni mo dé Nyanya. Nígbà náà, ẹni tó bá ní òun ń gbé Nyanya, òṣìṣẹ́ ni. Àgọ́ àwọn tó ń kọ́ ìlú ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún: káfíńtà, bíríkìlà, wẹ́dà, àwọn tó ń wa kátapílà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọkọ̀ akẹ́rù á wá kó wa, pákó la máa ń jókòó lé nínú rẹ̀, eruku á bò wá títí dé Garki. Tá a bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò ní mọ ta ni ọmọ Ìbàdàn, ta ni ọmọ Tiv. Gbogbo wa á pupa bákan náà.

Mararaba ńkọ́? Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní èdè Hausa: mararraba, ibi tí ọ̀nà ti yà. Ohun tó jẹ́ náà nìyẹn. Oríta ni, igi máńgòrò, àti àwọn obìnrin Gbagyi tó ń gbé igi ìdáná léjìká, torí pé wọn kì í fi orí rù ú bíi tiwa. Abẹ́ Plateau ló wà. 1996 ni wọ́n tó gé Ìpínlẹ̀ Nasarawa jáde.

Àwọn tó ya àwòrán ìlú yìí, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1979, ro ó pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.6 ni ìlú máa kọ́kọ́ gbà, bó bá sì dàgbà tán, kó má ju mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ lọ. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni olú-ìlú ṣí láti Èkó wá síbí. Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé, ilé inú ìlú sì ń bẹ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí El-Rufai jẹ́ mínísítà Abuja, wọ́n ní àwọn fẹ́ dá ìlú padà sí àwòrán rẹ̀, ni kátapílà bá dé. Ẹ má rò pé àwọn tí ilé wọn wó padà sí abúlé. Wọ́n sọdá ààlà ni, wọ́n ra ilẹ̀ ní Mararaba, Ado, Masaka. Èmi gan-an ni mo ṣe fèrèsé àti ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn míì gbé ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n wó wá bá mi, pé kí n gé e kó bá ihò tuntun mu.

Èyí tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà àwa káfíńtà lẹ wá fẹ́ fi kó odindi ìlú. Kò lè ṣe é.

Ẹ̀rín Ò Yàtọ̀ (8:10 àárọ̀)

Ẹ̀yin Bàbá, ẹ má bínú o. Bàbá tèmi ní òun ti lọ sí Abuja ní 1974, pé kò sí họ́ọ̀lọ́ọ̀pù kankan níbẹ̀, atẹ́gùn tútù nìkan.

Bàbá Kugbo (8:14 àárọ̀)

Suleja ni bàbá rẹ lọ. Suleja ló ń jẹ́ Abuja títí ìjọba fi gba orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun ní 1976. Bá mi kí i, kò purọ́.

Ẹnjiníà Kubwa (9:05 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, iṣẹ́ ọ̀nà ni iṣẹ́ tèmi náà. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, mi ò fẹ́ bá yín jà, àmọ́ Kubwa ni mò ń gbé, ẹ jẹ́ kí n sọ tibẹ̀ fún yín.

Nǹkan bí 2009 ni wọ́n gbé iṣẹ́ méjèèjì síta, ti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú àti ti Kubwa, pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọlọ́nà mẹ́wàá. Ó dáa gan-an nígbà tí wọ́n ṣe é tán. Kí ló wá tẹ̀lé e? Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́n. Dawaki tó jẹ́ oko àti àpáta, ilé kún un. Ẹni tí ì bá wọ bọ́ọ̀sì ra mọ́tò, torí ọ̀nà ti já gaara. Gbogbo wa wá ń kóra jọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárọ̀, a sì ń já sí ẹnu ìlú kan náà tí kò fẹ̀ sí i. Ẹ̀yin ń wo Dutse sí ìdí òkè Maitama ní agogo 11, èmi ń wo ó ní agogo 7:30. Ẹ rántí akèrègbè: bí ikùn rẹ̀ ti wù kó tóbi tó, ọrùn yẹn náà ni omi máa gbà jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ìlà ọkọ̀ kan, bó dára bí ó ti lè dára, kì í gbà ju nǹkan bí 2,000 mọ́tò ní wákàtí kan. Mélòó ló wà nínú mọ́tò kọ̀ọ̀kan? Ọ̀gá kan àti báàgì rẹ̀, ìgbà míì ìyàwó. Ká ní èèyàn 3,000. Ẹ wá gba ìlà kan náà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá nìkan, elérò 60, kí ọ̀kan máa kọjá ní ìdajì ìṣẹ́jú. Bọ́ọ̀sì 120 ní wákàtí kan nìyẹn, èrò 7,200. Títì kan náà, ọ̀dà kan náà. Èkó ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 2008, láti Mile 12 sí CMS, tòun ti gbogbo wàhálà rẹ̀.

Àbúrò mi Ọmọ Ọ̀fà, bá mi ṣe nǹkan kan tó o bá ń padà lálẹ́. Kọ aago sílẹ̀ ní AYA, Kugbo, bíríìjì Karu, abẹ́ bíríìjì Nyanya, ààlà, àti Mararaba. Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bá ti dúró, má sùn. Mo ní ìdí tí mo fi ń bi ọ́.

Ìyá Ọlọ́sàn (10:40 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ̀wé bíi ti Àǹtí Ẹnjiníà, ọsàn ni mò ń tà ní Orange Market, Mararaba, ọdún 16 rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fẹ ọ̀nà, ibo ni wọ́n máa fẹ̀ ẹ́ sí? Òkè ọ̀run ni? Orí wa ni.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo dé ọjà láàárọ̀, mo rí i tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ X gàdàgbà sára páànù ìsọ̀ mi. Kò sí lẹ́tà, kò sẹ́ni tó wá bá mi sọ ohunkóhun, kò sẹ́ni tó dárúkọ owó gbà-má-bínú. Mo fi kọ́tìnì bò ó, bí ẹni pé tí mi ò bá rí i kò sí níbẹ̀ mọ́. Odindi oṣù mẹ́ta, mi ò lè ra ọjà tó pọ̀, torí mi ò mọ ọjọ́ tí kátapílà máa dé. Kò dé. X náà ṣì wà níbẹ̀ di òní, oòrùn ti jẹ ẹ́, ó ti dà bí èérí.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ mọ́ ọ̀nà tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún, ó ṣe wá lóore. Benue ni ọsàn wa ti ń wá. Tẹ́lẹ̀, kí ọkọ̀ tó ti ìhà Makurdi dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á ti máa sunmi, eṣinṣin á ti gbọ́. Báyìí, èyí tó bá gbéra lóru, awọ rẹ̀ ṣì máa ń le láàárọ̀. Ibi tó wá ń bàjẹ́ sí ni Masaka sí ọ̀dọ̀ wa. Ó rin gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, ó wá ń rà sí ẹnu ọ̀nà ilé.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí. Kì í ṣe ọsàn mi ló ń dí títì ní Mararaba. Bọ́ọ̀sì ló ń dúró láàárín títì gba èrò. Èrò náà ń sáré gba iwájú mọ́tò sọdá, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí. Mo rí i lójoojúmọ́, mo sì ti pariwo "Jéésù" débi tí àwọn Alhaji tó wà nítòsí mi náà ti ń bá mi pè é.

Ará Keffi (11:22 àárọ̀)

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Èmi ń ti òdìkejì bọ̀. Láti Keffi sí Akwanga, ẹ lè gbà á tán kẹ́ ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ni kankan má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ yẹn, yíyá ni. Oṣù Kejì 2025 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ibodè: ₦500 fún mọ́tò kékeré, ₦800 fún jíìpù, ₦1,000 fún bọ́ọ̀sì kékeré, ₦1,600 fún tírélà. Bọ́ọ̀sì gba ₦1,000 yẹn lórí èrò, tírélà gba tirẹ̀ lórí ọsàn Ìyá Ọlọ́sàn.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́wàá tẹ́ ẹ ń bèèrè yẹn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó máa san án. Ẹ̀yin ará Mararaba tẹ́ ẹ ń náwó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣé ẹ lè fi ₦1,000 ibodè lé e?

Awakọ̀ AYA (12:47 ọ̀sán)

Àǹtí Ẹnjiníà, mo ti ka ìṣirò yín. Bọ́ọ̀sì elérò 60, ó dáa. Ta ló máa ni ín? Mo ṣì ń san gbèsè lórí bọ́ọ̀sì mi, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni mò ń san án. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá, èmi ti bọ́ sí ìlà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mọ́tò àwọn ọ̀gá nìyẹn. Ẹ sọ ibi témi wà nínú ìṣirò náà.

Ẹ tún ń sọ pé à ń dúró láàárín títì. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Tí mo bá wọnú gáréèjì, àwọn kan á já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi lẹ́nu géètì, àwọn míì á tún já tiwọn nínú, kí n tó jáde ẹnìkan á ti tún na ọwọ́. Nígbà tí mo bá dúró síta, ìṣẹ́jú méjì, èrò kún, mo lọ. Wọ́n kúkú ti kọ́ ibùdókọ̀ ńlá sí Kugbo, Ààrẹ wá ṣí i ní oṣù Kẹfà 2025, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ò sí ní Kugbo. Abẹ́ bíríìjì Nyanya ni wọ́n wà, níbi tí ọ̀nà Jikwoyi àti Karshi ti ń já síta.

Alákọsílẹ̀ (1:20 ọ̀sán)

Mo máa sọ̀rọ̀ ṣókí, iṣẹ́ ọba ni mò ń ṣe, oúnjẹ ọ̀sán sì ti fẹ́ẹ̀ tán.

Ìṣòro kan wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Ta ló ni ọ̀nà yìí? Títì fúnra rẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Nyanya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú, ni. Ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ti bọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ Karu ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa nìyẹn. (Karu méjì ló wà, kí àlejò má baà sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kò fẹ́: ọ̀kan ní FCT, New Karu ní Nasarawa.) Ẹ wá wò ó, tí gọ́tà bá dí ní ààlà, ta ló máa kó o? Àwọn tó ń lé àwọn oníbọ́ọ̀sì ní Nyanya, agbára wọn parí ní ààlà. Bọ́ọ̀sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sáré sọdá, wọ́n á dúró sí òdìkejì, wọ́n á máa fi èrò há títì níbẹ̀. Ilé tó ní baálé mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ò ní gbálẹ̀.

Ẹ tún wo ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Kìlómítà 45 ni, wọ́n ṣí i ní 2018, ó dúró ní 2020, wọ́n tún gbé e dìde ní oṣù Karùn-ún 2024. Ó lọ sí Idu, ó lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ó lọ sí Kubwa tó ti ní ọ̀nà mẹ́wàá tẹ́lẹ̀. Apá ọ̀dọ̀ wa níbí, tí èèyàn ti ń jí ní agogo 3, kò yà síbẹ̀ rárá. Ọ̀nà ẹ̀yìn tí ì bá sì gbà wá, ti Apo sí Karshi, 2011 ni wọ́n gbé e fún kọngílá, kò ju kìlómítà bíi 13 lọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ò tíì tán lẹ́nu wa.

Ẹ̀rín Ò Yàtọ̀ (1:26 ọ̀sán)

Kí wọ́n kúkú ta okùn láti orí bẹ́ẹ̀dì mi ní Mararaba sí Sẹkitéríàtì. Màá máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá Kugbo (2:35 ọ̀sán)

Ẹ̀ ń ṣàwàdà, ó dáa. Ṣùgbọ́n ìlà mọ́tò tí kì í rìn yìí, ó ní ohun tó tún ń fà ju pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014, ọjọ́ Ajé, bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya láàárọ̀, nígbà tí èrò tó ń lọ síbi iṣẹ́ kún ibẹ̀. Ó ju àádọ́rin èèyàn lọ tó kú. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀ sí i, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, òmíràn tún dún nítòsí ibẹ̀. Kí ló fà á tí wọ́n fi yan ibẹ̀? Torí wọ́n mọ̀ pé láàárọ̀, gbogbo tálákà tó ń lọ wọ ìlú ló gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀. Kò síbòmíì. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ṣọ́jà wá dúró sójú ọ̀nà tí ìlà ọkọ̀ di ẹyọ kan, ọdún gbọọrọ la sì fi ń gba ẹyọ kan yẹn.

Ní oṣù Kẹta 2025, lórí bíríìjì Karu ní ìrọ̀lẹ́, tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já wá rọ́ lu àwọn mọ́tò tó tò síbẹ̀, iná sọ. Àwọn tó wà nínú mọ́tò, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n dúró ni. Ìdúró náà ni wọ́n wà tí ikú fi bá wọn. Mo rí èéfín náà láti ìsọ̀ mi, mo kọ́kọ́ rò pé táyà ni wọ́n ń sun.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká fẹ̀ ẹ́, mi ò bá a jà. Ẹni tó bá ní ká má fẹ̀ ẹ́, mi ò bá a jà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí èrò má dúró lójú kan mọ́.

Ọmọ Ọ̀fà ní Masaka (7:52 alẹ́)

Àǹtí Ẹnjiníà, mo jíṣẹ́. Mi ò sùn. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé:

AYA, 5:12. Kugbo, 5:31. Bíríìjì Karu, 5:58. Abẹ́ bíríìjì Nyanya, 6:49. Ààlà, 6:57. Mararaba, 7:38.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lábẹ́ bíríìjì Nyanya. Ìlà mẹ́ta ni títì ní níbi tá a wà. Bọ́ọ̀sì 9 ló dúró lẹ́ẹ̀kan náà, mo kà á. Ìlà tó wà létí ti di gáréèjì, èyí tó wà láàárín náà ti di gáréèjì fún àwọn tí kò ráyè létí, gbogbo wa wá ń há ara wa gba ẹyọ kan tó kù. Ọkùnrin kan ń ti bárò tó kó kíréètì ẹyin gba àárín wa kọjá. Ó rọra ń lọ, ọwọ́ kan lórí bárò, èkejì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, bó ṣe ń na bọ́nẹ́ẹ̀tì pò-pò-pò ni mọ́tò ń dúró fún un. Ó kọjá, ẹyin kan ò fọ́. Òun nìkan ló mọ ibi tó ń lọ nínú gbogbo wa.

Lẹ́yìn tá a bọ́ kúrò lábẹ́ bíríìjì, dẹ́rẹ́bà wa sáré! Ìṣẹ́jú 8 la fi dé ààlà. Ọ̀nà ṣófo. Kò pẹ́ tá a tún dúró.

Ẹnjiníà Kubwa (8:10 alẹ́)

O ṣeun, àbúrò. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Ìṣẹ́jú 146 ni gbogbo ìrìn yẹn. Bíríìjì Karu sí abẹ́ bíríìjì Nyanya gba 51 níbẹ̀. Ààlà sí Mararaba gba 41. Ìṣẹ́jú 92 lọ síbi méjì péré, nínú ọ̀nà tí kò tó kìlómítà 20. Ìyókù, mọ́tò ń rìn, àfi díẹ̀díẹ̀ tó máa ń fà.

Bí wọ́n bá fún un ní ọ̀nà mẹ́wàá lọ́la, ìlà márùn-ún lẹ máa ní lápá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin á di gáréèjì lábẹ́ bíríìjì yẹn, ẹ ó tún máa há ara yín gba ẹyọ kan. Wọ́n á ti wó ìsọ̀ Ìyá Ọlọ́sàn, a ó sì ti jẹ gbèsè.

Ibi méjì yẹn ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Kí wọ́n ṣe ibi tí bọ́ọ̀sì máa yà sí kúrò lórí títì, lábẹ́ bíríìjì gan-an níbi tí èrò wà, kó má jẹ́ ibi tó rọrùn fún ẹni tó yàwòrán. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ni ọ̀nà á pín in láàárín ara wọn. Ní Mararaba, afárá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kó wà níbi táwọn èèyàn ti ń sọdá. Tí wọ́n bá gbé e jìnnà sí ọjà, ẹran nìkan ló máa gùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìlà bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ìbéèrè yín lórí ẹni tó máa ni bọ́ọ̀sì ńlá, ó gún mi lára, mi ò ní ìdáhùn tó dáa sí i. Ní Èkó, àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń wa BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ìlà tirẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ló ti lè bẹ̀rẹ̀.

Awakọ̀ AYA (8:33 alẹ́)

Ọmọ Ọ̀fà, agogo mélòó lo ní ẹ wà lábẹ́ bíríìjì? 6:49? Mo wà lára bọ́ọ̀sì 9 yẹn. Èmi ni mo wà láàárín, aláwọ̀ funfun, tí wọ́n kọ "Orí Ẹni" sí lẹ́yìn.

Àǹtí, ẹ fún mi níbi tí màá dúró sí, tẹ́nikẹ́ni ò ní fi na ọwọ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò ní dúró sí àárín títì mọ́. Mo búra. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń sọ ọ́ o, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ọlọ́sàn (8:41 alẹ́)

Ẹ fẹ̀ ẹ́, ẹ fẹ̀ ẹ́. Wá ra ọsàn lọ́wọ́ mi ná kí o tó fẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà ní Masaka (8:44 alẹ́)

Mà, ẹ ṣì wà ní ìsọ̀? Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mararaba torí ẹsẹ̀ mi ti kú, títì ṣì dì pa dé Ado. Mo rí X náà lára páànù lábẹ́ iná yín, èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta máńgòrò. Ẹ bá mi ṣa ti ₦1,000, èyí tó wá lónìí, kì í ṣe èyí tó sùn sí Masaka.